Idà Àná Lọ́wọ́ Òṣèré Òní

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, a di odidi. Gbólóhùn yìí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í sábà ronú mọ́ lórí ìbéèrè tí ó fara sin sínú rẹ̀. Níbo ni ọmọlúàbí ti rí ààbọ̀ kejì tí ó fi sọ ọ̀rọ̀ náà di odidi? Bí ẹnì kan kò bá sì ní ààbọ̀ kejì yìí lọ́wọ́, ṣé òun ni kì í ṣe ọmọlúàbí ni, àbí àwa tí a sọ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ níṣojú rẹ̀ ni a kò hùwà ọmọlúàbí sí i? Ọ̀rọ̀ sinimá ni mo fẹ́ fi yẹ ìbéèrè yìí wò, pàápàá jù lọ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré tí wọ́n ti fi ìgbà kan rí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nípa ìjà idà, tí àwọn eré tí wọ́n wá ṣe lẹ́yìn náà sì ń fi ọgbọ́n rán òǹwòran létí idà ọjọ́sí.

Ohun tí mò ń sọ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ń wo sinimá déédéé. Òṣèré kan á jáde nínú eré tuntun. Ó lè jẹ́ arúgbó ni wọ́n fi í ṣe, ó lè jẹ́ aláwàdà, ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé ohùn rẹ̀ nìkan ni a óò máa gbọ́. Lójijì, yóò na ọwọ́ kan báyìí, tàbí kí ó tẹjú mọ́ idà kan tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri. Àwọn kan nínú àwọn òǹwòran á bú sẹ́rìn-ín, wọn á sì máa fi ìgúnpá ta ara wọn lólobó. Àwọn yòókù á máa wo ojú wọn pé kí ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó rẹ́rìn-ín ti rí i pé ẹni tí ó darí eré náà ń tọ́ka sí eré mìíràn tí òṣèré yìí ti ṣe ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n fẹ́ràn irú ìtọ́ka bẹ́ẹ̀ débi pé wọn a máa ṣọ́ ọ bí ọdẹ ti í ṣọ́ ẹtu. Irú ìmọ̀ wo ni ìmọ̀ yìí? Ṣé ó tọ́ kí a máa fi ojú àná wo ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ òní?

Àpẹẹrẹ tí ó wù mí jù lọ ni ti Basil Rathbone. Ìlú Johannesburg ní Gúúsù Áfíríkà ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1892, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó dàgbà sí. Ó ja Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n sì fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Military Cross fún akin tí ó ṣe. Nígbà tí ó di òṣèré ní Hollywood, ó kọ́ ìjà idà débi pé díẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó lè bá a dọ́gba. Síbẹ̀, ìkà ènìyàn ni wọ́n sábà máa ń fi í ṣe, ìkà ènìyàn kì í sì í borí nínú irú eré bẹ́ẹ̀. Nínú Captain Blood ní 1935, Errol Flynn fi idà pa á sí etí òkun. Nínú Romeo and Juliet ní 1936, òun ni Tybalt. Ó pa Mercutio lóòótọ́, ṣùgbọ́n Romeo pa òun náà láìpẹ́. Flynn tún pa á nínú The Adventures of Robin Hood ní 1938. Nígbà tí ó di 1940, Tyrone Power pa á nínú The Mark of Zorro. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó mọ idà jà ṣe ń ṣubú léraléra lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n jà tó o.

Nínú The Mark of Zorro yìí, ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn. Ọ̀gágun tí Rathbone ṣe fẹ́ fi han Diego, ọmọ ọlọ́lá tí gbogbo ènìyàn kà sí ọ̀lẹ aláfẹ́, pé ikú ń bẹ lẹ́nu idà òun. Ó ju idà fìrì, orí àbẹ́là kan sì fò lọ. Diego náà ju idà tirẹ̀ sí àbẹ́là mìíràn, ṣùgbọ́n àbẹ́là náà dúró ṣinṣin, iná rẹ̀ kò sì kú. Ọ̀gágun rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn, ó rò pé ọmọdé yìí tàsé ni. Diego wá fi ọwọ́ gbé orí àbẹ́là náà kúrò ní jẹ́jẹ́, tòun ti iná tí ń jó lórí rẹ̀. Ó ti gé e. Idà náà mú, ọwọ́ tí ó jù ú sì dá ṣáṣá, débi pé àbẹ́là kò mọ̀ pé wọ́n ti gé òun. Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọ̀gágun.

Ọdún 16 lẹ́yìn èyí, ní 1956, Rathbone tún jáde nínú eré kan tí ń jẹ́ The Court Jester. Eré àwàdà ni. Danny Kaye ni olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, ojo ènìyàn kan tí ó wọ ààfin bí apanilẹ́rìn-ín ọba. Obìnrin kan tí ó mọ oògùn fi agbára ọ̀rọ̀ mú ojo yìí, débi pé bí ìka bá ti ta pàá, yóò di akọni onídà. Bí ó bá tún ta, yóò padà di ojo. Rathbone ni ọlọ́tẹ̀ tí ó ń bá a jà. Láàárín ìjà náà, Kaye ju idà kọjá lára ọ̀wọ́ àbẹ́là tí ó wà lórí ọ̀pá. Kò sí èyí tí ó mì. Rathbone rẹ́rìn-ín. Kaye wá fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí wọn, gbogbo orí wọn sì wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìkẹyìn, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ òkò ogun ni wọ́n fi sọ Rathbone sínú òkun.

Ẹni tí kò wo eré 1940 rí yóò rẹ́rìn-ín níbí yìí. Ẹ̀rín rẹ̀ pé, kò sí ohun tí ó ṣaláìní. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti wò ó rí yóò rí ohun mìíràn. Yóò rí ọkùnrin kan náà tí ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn kan náà nítorí àṣìrò kan náà. Idà ahun ni wọ́n fi ń pa ahun. Yóò sì rí i pé ẹni tí ó jẹ́ ẹni ọdún 48 nígbà náà ti di ẹni ọdún 63, pé ojú rẹ̀ ti hun, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì mọ ibi tí ó yẹ kí onídà tẹ̀. Láàárín àbẹ́là ti 1940 àti ti 1956, ìgbésí-ayé ènìyàn kan ni ó kọjá. Ìtọ́ka náà ni ó jẹ́ kí a rí i.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, a ní ohun kan tí ó jọ èyí gan-an, èyí ni oríkì. Nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní oríkì, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ dá wọn lágara ni pé àwọn gbólóhùn rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ tán. Akéwì á kan sọ pé lágbájá ni ọmọ ẹni tí ó ṣe báyìí báyìí ní ọjọ́ báyìí, yóò sì kọjá lọ. Ta ni? Kí ló fà á? Báwo ló ṣe parí? Oríkì kò ní dáhùn. Ìtàn ni ó ń tú oríkì, ìtàn náà sì wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ki onítọ̀hún, orí rẹ̀ á wú, yóò mọ̀ pé wọ́n rí òun, pé ohun tí òun àti àwọn ẹni òun ti ṣe kò sọnù. Ní èrò tèmi, nígbà tí olùdarí eré bá fi àbẹ́là síwájú Rathbone, oríkì ni ó ń ki í. Àwa tí a dá àbẹ́là náà mọ̀ ni a ń gbe oríkì náà.

Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, a ó rí i pé àtakò méjì wà tí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àkọ́kọ́ ni èyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń ki oríkì níbi tí àjèjì wà, ṣé a kò sọ àjèjì náà di ẹni ìta? Ilé sinimá kì í ṣe agbo ilé. Owó kan náà ni gbogbo wa san kí a tó wọlé. Kí ló dé tí ó fi yẹ kí olùdarí bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ ní orí àbúrò, tàbí kí ó bá ẹni tí ó ti ń wo sinimá láti ọgbọ̀n ọdún sọ̀rọ̀ ní orí ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lónìí?

Shrek 2, eré tí wọ́n gbé jáde ní 2004, ni mo fẹ́ fi dáhùn. Nínú eré àwòrán yíyà yìí, ológbò kan jáde tí ó wọ bàtà gígùn, ó dé àkẹtẹ̀, ó sì fi idà sí ìbàdí. Ológbò náà ti pẹ́ láyé. Ó wà nínú ìtàn tí Charles Perrault gbé jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1697. Ṣùgbọ́n ohùn Antonio Banderas, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì, ni ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Banderas yìí kan náà ni ó ṣe Zorro nínú The Mask of Zorro ní 1998. Zorro a sì máa fi ẹnu idà kọ lẹ́tà Z sílẹ̀ níbi tí ó bá ti jà. Nígbà tí ológbò náà kọ́kọ́ kọlu Shrek nínú igbó, ó fi idà kọ lẹ́tà P sára igi. Ọmọ ọdún mẹ́fà yóò rẹ́rìn-ín nítorí pé ológbò kékeré kan ń ṣe fáàrí. Bàbá ọmọ náà yóò rẹ́rìn-ín nítorí Zorro. Àwọn méjèèjì jókòó pọ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín ní ìṣẹ́jú kan náà, kò sì sí ẹni tí ó já èkejì gbà nínú wọn.

Ìlànà tí mo rí fà yọ níbẹ̀ nìyí: ìtọ́ka tí ó tọ́ ni èyí tí kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá yọ ìmọ̀ nípa eré àtijọ́ kúrò, kí eré tuntun ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ohun tí ó bá wá lé lórí rẹ̀ fún ẹni tí ó mọ̀, èlé ni. Ṣùgbọ́n bí eré bá dé ibi tí òǹwòran kò lè rí orí tàbí ìdí rẹ̀ àfi bí ó bá ti wo eré mẹ́ta mìíràn, a jẹ́ pé wọ́n ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ láìfún un ní ọjà. Àwọn olùdarí kan wà tí gbogbo ọgbọ́n wọn kò ju kí wọ́n máa rán wa létí ohun tí a ti fẹ́ràn rí, nítorí wọn kò ní ohun titun tí a lè fẹ́ràn. Idà ń wólé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Irú eré bẹ́ẹ̀ rò pé òun ń jẹ àjẹmọ́nú lára eré àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ba ilé tí ó fi orí pamọ́ sí jẹ́.

Òǹwòran náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Àwọn kan ń dá ìtọ́ka mọ̀ kí wọ́n lè ní àwọn dá a mọ̀ ni. Bí eré ti ń lọ ni wọ́n ń kà á lọ́kàn: ọ̀kan nìyẹn, èjì nìyí. Ní ìgbẹ̀yìn, wọ́n rí gbogbo ìtọ́ka, wọn kò sì rí eré. Ó dà bí ẹni tí ó lọ síbi ìsìnkú, tí ó ń ṣọ́ bí akéwì yóò ṣe fo orílẹ̀ kan, tí kò rí òkú, tí kò sì rí ọmọ olóòkú. Ìmọ̀ tí kò mú wa sún mọ́ ẹni tí a mọ̀ nípa rẹ̀, àṣehàn lásán ni.

Àtakò kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ òṣèré fúnra rẹ̀ ni. Oríkì ń gbé ènìyàn ga, ṣùgbọ́n ó tún lè dè é mọ́lẹ̀. Ẹni tí a bá ti fi ohun kan kì fún ogún ọdún, ṣé ó tún lè ṣe ohun mìíràn kí a rí i? Láàárín 1939 sí 1946, Rathbone ṣe Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìtàn, nínú sinimá 14. Ó sú u, ó sì fi í sílẹ̀, nítorí pé ó ti rí i pé àwọn ènìyàn kò rí Rathbone mọ́, Holmes ni wọ́n ń rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i kì í ṣe ti ilẹ̀ òkèèrè nìkan. Mélòó nínú wa ni ó rántí pé Moses Ọláìyá ni orúkọ ọkùnrin tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Sàlá títí ó fi kú ní 2018? Ìfẹ́ ni a fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ náà a máa di àgádágodo nígbà mìíràn.

Kí ni a ó wá sọ nípa àbẹ́là 1956? Ṣé wọ́n ti Rathbone mọ́ inú idà àná ni? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nínú eré náà. Òun fúnra rẹ̀ ni. Ó mọ ohun tí wọ́n gbé síwájú òun, ó mọ eré tí wọ́n ń tọ́ka sí, ó sì gbé idà náà pẹ̀lú ìmọ̀ ohun tí ó ń ṣe. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn fi ara rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn ìṣubú rẹ̀ ti di ọ̀gá lórí ìtàn náà. Bí ó bá jẹ́ pé òṣèré mìíràn ni wọ́n kó aṣọ Rathbone wọ̀, tí wọ́n sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ìdájọ́ mi ì bá yàtọ̀.

Ti Sonny Chiba, òṣèré ilẹ̀ Japan, tún mú ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ sí i. Ní àwọn ọdún 1980 sí 1985, ó ṣe Hattori Hanzō nínú eré orí tẹlifíṣọ̀n kan nílẹ̀ rẹ̀. Hanzō jẹ́ jagunjagun tí ó gbé ayé lóòótọ́ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Nígbà tí Quentin Tarantino ń ṣe apá kìíní Kill Bill, tí ó jáde ní 2003, ó fún Chiba ní ẹ̀dá-ìtàn tí ń jẹ́ Hattori Hanzō. Ṣùgbọ́n kì í ṣe jagunjagun mọ́. Ó ti di àgbà tí ń ta oúnjẹ ní erékùṣù Okinawa. Alágbẹ̀dẹ idà ni tẹ́lẹ̀, ó sì ti búra pé òun kò ní rọ ohun tí a fi ń pa ènìyàn mọ́. Obìnrin kan wá bẹ̀ ẹ́ kí ó rọ idà kan ṣoṣo sí i. Nígbà tí ó mọ ẹni tí obìnrin náà fẹ́ lo idà náà fún, ó gbà. Ẹni tí ó mọ Chiba láti ọjọ́ pípẹ́ yóò rí i pé orúkọ kan náà ni ó ń jẹ́, àmọ́ pé ojú ti kúrò lára idà jíjà, ó ti bọ́ sí ara ohun tí idà ń ṣe sí ẹ̀rí-ọkàn ẹni tí ó rọ ọ́. Eré tuntun bi eré àtijọ́ léèrè ọ̀rọ̀ tí eré àtijọ́ kò bi ara rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni Tarantino lọ yá lọ́wọ́ Chiba.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ààlà sí ìmọ̀ àwa tí a ní a mọ̀. Nínú The Princess Bride ní 1987, Mandy Patinkin ṣe Inigo Montoya, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ẹni tí ó pa bàbá rẹ̀ kí ó lè fi idà gbẹ̀san. Bob Anderson, tí ó ṣojú ilẹ̀ Bìrìtìkó nínú ìjà idà ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti 1952, wà lára àwọn tí ó kọ́ ọ; òun kan náà ni ó padà wá kọ́ Banderas fún Zorro. Láti ìgbà náà, ibi tí Patinkin bá yọ sí ni wọ́n ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ gbólóhùn tí Inigo fi ń pe ọ̀tá rẹ̀ níjà. Eré yòówù tí ó bá ṣe, Inigo ni àwọn kan ń wá lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Patinkin ti sọ ọ́ ní gbangba pé àrùn jẹjẹrẹ ni ó pa bàbá òun, àti pé nígbà tí òun ń fi idà gún ọ̀tá inú eré náà, àrùn yẹn ni òun ń pa lọ́kàn òun. Ẹ gbọ́ o. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn òǹwòran rò pé àwọn mọ idà náà láti orí dé ẹ̀kù. Ọmọ tí ń ṣọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀ ni ó mú un lọ́wọ́, wọn kò sì mọ̀. Ààbọ̀ kejì tí a ní lọ́wọ́ kì í sọ ọ̀rọ̀ di odidi nígbà gbogbo. Ó kù síbì kan, ibẹ̀ sì ni ènìyàn náà wà.

Nítorí èyí ni mo fi rò pé ìtọ́ka tí ó ga jù ni èyí tí ó jẹ́ kí a fura sí ibi tí ó kù yẹn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2017, àìsàn ọkàn kọlu Banderas. Ó yè é, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ pé ó yí ojú tí òun fi ń wo ayé padà. Ní 2022, ológbò rẹ̀ tún jáde nínú Puss in Boots: The Last Wish. Ológbò yìí ní ẹ̀mí mẹ́sàn-án, ó sì ti fi fáàrí ná mẹ́jọ. Ẹyọ kan ló kù. Ikú wá bá a ní àwọ̀ ìkookò. Fún ìgbà àkọ́kọ́, onídà tí kì í bẹ̀rù ohunkóhun ju idà rẹ̀ sílẹ̀, ó sá. Ó sin aṣọ àti bàtà rẹ̀, ó fi ara pamọ́ sáàárín àwọn ológbò ilé. Nígbà tí ó tún gbé idà níkẹyìn láti bá Ikú jà, ó ti mọ̀ pé òun kò lè ṣẹ́gun Ikú. Ẹyọ ẹ̀mí tí ó kù ni ó fẹ́ fi gbé ayé. Èmi kò sọ pé àwọn tí ó kọ eré náà ń kọ nípa àìsàn Banderas. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó rántí Zorro 1998, tí ó ń fò láti orí òrùlé dé ẹ̀yìn ẹṣin, kò lè gbọ́ ohùn yẹn kí ó máa gbọ̀n nínú eré 2022, kí ó má rò ó pé òṣèré náà ń dàgbà, àti pé òun tí ó jókòó wòran náà ń dàgbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìdájọ́ mi wá nìyí. Ó tọ́ kí a máa dá idà àná mọ̀ lọ́wọ́ òṣèré òní, bí ohun mẹ́ta bá wà níbẹ̀: kí ẹni tí kò mọ̀ má pàdánù, kí ẹni tí a ń kì fọwọ́ sí i, kí ìtọ́ka náà sì fi kún ohun tí a mọ̀ nípa ènìyàn dípò kí ó bù kù. Níbi tí ọ̀kan bá ti yẹ̀, oríkì ti fẹ́ di ẹ̀sín tàbí ẹ̀wọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ṣe ń bá ara wa gbé. Nínú gbogbo àdúgbò ni a ti rí ẹni tí a fi ohun kan ṣoṣo mọ̀: ẹni tí ó gba ẹ̀bùn nígbà kan, ẹni tí ó jalè lẹ́ẹ̀kan, ẹni tí ó dá ìjà ńlá kan sílẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. A ń kí i, a sì ń fi ohun náà kún ìkíni. Bí ó bá ń rẹ́rìn-ín, kí a wò ó dáadáa bóyá òun ni ó ń rẹ́rìn-ín tàbí ẹnu rẹ̀ nìkan. Kí a bi ara wa bóyá a ti fi ojú wo ohun tí ó ń ṣe lónìí. Ogún ọdún ti kọjá lórí òun náà.

Nítorí náà, bí òṣèré kan bá tún gbé ọ̀pá lásán sókè nínú eré tuntun, tí apá rẹ̀ rántí idà, ẹ jẹ́ kí a rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀tọ́ wa ni. Kí a sì wo apá náà, bí ó ṣe ti rí nísinsìnyí. Bí eré bá sì parí, tí ọmọ tí ó jókòó tì wá bèèrè ohun tí ó pa wá lẹ́rìn-ín, kí a má ṣe sọ pé bí ó bá dàgbà yóò mọ̀. Kí a sọ ìtàn náà fún un. Ibẹ̀ ni àwa náà ti gba ààbọ̀ kejì.